Láptọ́ọ̀pù tó ń kọ 6 níbi tí ẹ ti tẹ o

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Kútọ̀. Akọ̀wé ìjọ ni wọ́n, ètò ìsìn ìdúpẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ní, "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó, àwọn ọmọ Yahoo ti wọnú ẹ̀rọ mi." Mo ní kí wọ́n tẹ orúkọ ìlú wa fún mi, láìfàmì sí i. Wọ́n rọra fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde ni Abe624ta.

"Ẹ rí i àbí?" Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti ní kíbọ́ọ̀dù ti kú, kí wọ́n lọ wá 15,000 náírà.

Mo wo abẹ́ síkírìnì náà. Ẹnìkan ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ibẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹ 7865, ọ 7885, ṣ 7779. Ẹ̀rín pa mí. Mo fi ìka kan tẹ Fn mọ́lẹ̀, mo fi ìkejì tẹ NumLk, mo ní, "Mà, ẹ tún un tẹ̀." Abeokuta jáde láìkù síbì kan. Wọn ò gbà. Wọ́n tẹ Lafenwa, wọ́n tẹ Itoku, wọ́n tẹ Panseke, wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo yí ìlú po títí ọkàn wọn fi balẹ̀.

Irú ẹjọ́ yìí kì í tán nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó bá ń bá láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ yóò bá a pàdé lọ́jọ́ kan, owó tí kò yẹ kó jáde sì máa ń jáde nítorí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ àwọn bọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní lock.

Gbogbo wa la mọ Shift. Shift dà bí ìlẹ̀kùn tí ẹ fọwọ́ dì mú: bí ẹ bá ti yọwọ́, ó padé. Lock dà bí ìlẹ̀kùn tí ẹ fi òkúta ti. Ẹ lè bá tiyín lọ, yóò wà ní ṣíṣí títí ẹni tó máa gbé òkúta kúrò yóò fi dé. (Ará Abẹ́òkúta ni wá, ọ̀rọ̀ òkúta kò ṣàjèjì sí wa.) Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀ lè má mọ̀ pé òun gbé e. Ìka kan yà, ó kan bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ sì gbà pé àṣẹ lẹ pa. Kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Abe624ta, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ wò ó dáadáa: a, b, e àti t kò yí padà. O, k àti u nìkan ló di nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù tó bá kú kì í yan lẹ́tà báyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kékeré tó ti pẹ́ díẹ̀, pàápàá àwọn tòkunbọ̀ tó jáde láti ọ́fíìsì òyìnbó, wọ́n fi nọ́ńbà pa mọ́ sáàárín lẹ́tà lápá ọ̀tún. U, i, o ni 4, 5, 6. J, k, l ni 1, 2, 3. M ni 0. 7, 8 àti 9 wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lókè. Bí ẹ bá gbé bọ́tìnì o súnmọ́ iná, ẹ ó rí 6 kékeré kan ní igun rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ míì kọ ọ́. Num Lock ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé nọ́ńbà ni kó mú, kì í ṣe lẹ́tà.

Ta ló tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà wọn jáde ní 1981, bọ́tìnì 83 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn ọfà tó ń gbé ojú ìkọ̀wé lọ sókè sódò kò ní àyè tiwọn, ara nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún ni wọ́n fi wọ́n sí. Bọ́tìnì kan ń jẹ́ 8, ó tún ń jẹ́ ọfà òkè. Ó di dandan kí nǹkan kan máa yà wọ́n sọ́tọ̀, Num Lock nìyẹn. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù dé, àyè tún dín kù sí i, ni wọ́n bá gbé nọ́ńbà lọ sórí lẹ́tà. Bí ìlò kan ṣe parí, òmíràn jogún bọ́tìnì yẹn.

Báwo ló ṣe wá tàn lórí ẹ̀rọ ìyá wa? Ìwé pélébé yẹn ló jẹ́wọ́. Àwa tí à ń tẹ Yorùbá mọ̀ pé ẹ, ọ àti ṣ kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà fún wa. Ọ̀nà àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Word ni pé kí ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ nọ́ńbà lẹ́tà tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá jáwọ́. 7865 á bí ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í gba nọ́ńbà tó wà ní ìlà òkè fún iṣẹ́ yìí, ti apá ọ̀tún ló ń gbà. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní apá yẹn ńkọ́? Ẹ ó tan Num Lock (òun ló ń sọ 7 àti 8 òkè náà di ti apá ọ̀tún), ẹ ó di Alt mú, ẹ ó tẹ 7, 8, o, i. O ni 6, i ni 5, àbí ẹ ti gbàgbé? Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló wá láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí, tó sì bá wọn tẹ orin méjì. Ó padà sí Èkó. Kò pa Num Lock.

Ọmọ náà kò ṣe burúkú o. Èmi náà ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó ń tẹ Yorùbá lójoojúmọ́ ṣì máa ka nọ́ńbà bí ẹni ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Time & language, ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń fi èdè kún èdè, ẹ wá Yorùbá níbẹ̀. Kò ní náwó yín, kò sì ní ba lẹ́tà kankan jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pa Num Lock, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó wà. Ó lè jẹ́ NumLk, Num tàbí NmLk ni wọ́n kọ, apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń wà. Bí àwọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ bá bá ti Fn mu, ẹ di Fn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbì kankan rárá, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl àti O pa pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù aláwòrán kan yóò hàn lójú síkírìnì. Ẹ tẹ Options níbẹ̀, ẹ fi àmì sí Turn on numeric key pad, bọ́tìnì NumLock yóò yọ, ẹ fi máọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù orí síkírìnì yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo irinṣẹ́ mi, ẹ ó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú.

Ibi tí Num Lock ti ń fa ẹkún gan-an ni ibi páswọ́ọ̀dù. Ká ní kunle ni páswọ́ọ̀dù yín (kò yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́), ohun tí ẹ̀rọ ń gbà wọlé ni 24n3e, ẹ̀yin ò sì rí i, torí àmì dúdú dúdú nìkan ló ń hàn. Bí Caps Lock, èyí tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, bá tàn, Windows yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tàn. Ti Num Lock, kò ní sọ nǹkan kan. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá nu gbogbo fáìlì rẹ̀ dànù nítorí pé "páswọ́ọ̀dù ti yí". Kí ẹ tó gbà, ẹ tẹ àwòrán ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí páswọ́ọ̀dù, ẹ di í mú, ẹ ó rí ohun tí ẹ ń tẹ̀ gan-an. Bí nọ́ńbà bá wà níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà, ẹ ti rí olè.

Nǹkan méjì míì tún máa ń tan Num Lock láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àkọ́kọ́ ni kíbọ́ọ̀dù ìta, èyí tí wọ́n ń fi wáyà USB sọ mọ́ láptọ́ọ̀pù. Windows ka àwọn méjèèjì sí ẹyọ kan: bí ẹ bá tan Num Lock lórí ti ìta, ti inú náà lè tàn. Ẹ yọ ti ìta, ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ parí, kò parí. Ìkejì ni bí ẹ̀rọ ṣe ń jí. Lórí àwọn kan, ìlà kan wà nínú BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) tó ń sọ pé kí Num Lock máa tàn bí ẹ̀rọ bá ti ń dìde. Ẹ tún rántí pé Shut down lórí Windows òde òní kì í pa ẹ̀rọ tán pátápátá, ó máa ń fi apá kan pa mọ́ kí ó lè tètè jí lọ́la. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Nítorí náà, bí nǹkan bá ń ṣe wéréwéré, Restart ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Àwọn kan yóò ní kí ẹ lọ yí nọ́ńbà nínú Registry, ibi tí Windows ń pa ètò rẹ̀ mọ́ sí. Èmi kì í rán ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lọ síbẹ̀.

Caps Lock gbajúmọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni àlàyé rẹ̀ kò gùn tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1874, lẹ́tà ńlá nìkan ló ń tẹ̀. Remington No. 2 ti 1878 ló mú Shift wọlé tí lẹ́tà ńlá àti kékeré fi wà lórí bọ́tìnì kan náà. Shift yẹn wúwo lábẹ́ ìka, irin ló ń tì, ni wọ́n bá ṣe ohun tí yóò máa bá ọwọ́ dì í mú. Ní Abẹ́òkúta wa, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ to lẹ́tà òjé ní 1859 fún ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn, ó yẹ ká mọyì ìsinmi ìka. Ṣùgbọ́n lónìí, ta ló ń tẹ ojú ìwé kan tán ní lẹ́tà ńlá, yàtọ̀ sí ẹni tó ń bínú?

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ rántí pé Shift ni wọ́n fi ń tú lock. Windows kò gbàgbé wọn. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé Caps Lock á tàn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ tún un tẹ̀ nígbà ogún, kò ní kú, àfi bí ẹ bá tẹ Shift. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbé tiwọn wá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èékánná hú bọ́tìnì náà. Mo kàn Shift lẹ́ẹ̀kan, ó kú. "Háà! Bí ti Remington wa!" ni wọ́n ní. Ẹni tí kò bá fẹ́ ètò yẹn, ẹ wọ Settings, Time & language, Typing, Advanced keyboard settings, Input language hot keys. Nínú fèrèsé kékeré tó bá ṣí, ẹ yan Press the CAPS LOCK key.

Bí Caps Lock bá ń dà yín láàmú torí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a, ẹ lè pa á pátápátá. PowerToys, ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ Microsoft, ní Keyboard Manager nínú. Ẹ yan Caps Lock níbẹ̀, ẹ ní kó di Disable. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi, mi ò sì pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó bá ti tẹ ojú ìwé kan tán kó tó gbójú sókè, kó má pa á rẹ́ o. Nínú Word, ẹ fi máọ̀sì yan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ Shift àti F3 pọ̀, yóò yí padà sí kékeré. Ẹ tún un tẹ̀ bí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́.

Ti Fn ló kàn. Ẹ tẹ F5 kí àwòrán ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín lè bẹ̀rẹ̀, iná síkírìnì ló ṣú. Ẹ tẹ F2 nínú Excel, ohùn ló lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà lórí ìlà òkè yẹn, Fn Lock ló sì ń pinnu èyí tó wà níwájú. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo àti Dell, Fn pẹ̀lú Esc ló ń yí i. Ẹ wo Esc, ẹ lè rí àwòrán àgádágodo kékeré lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ HP fi tiwọn sínú BIOS: ẹ tẹ F10 léraléra bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ẹ wá Action Keys Mode. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó ní kí ẹni tó ń tà á ṣí BIOS lójú òun kí owó tó jáde, torí òmíràn wà tí ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ lò ó ti fi páswọ́ọ̀dù tì í pa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Scroll Lock kò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́, àfi nínú Excel. Ọmọ ìyá oníadìrẹ kan ní Ìtòkú ló ń kọ iye yáàdì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní bí òun bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀, gbogbo tábìlì ló ń rìn, àpótí tí òun wà nínú rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Excel lọ́wọ́ òsì, yóò kọ Scroll Lock síbẹ̀ bó bá tàn. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní bọ́tìnì rẹ̀ lójú, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù orí síkírìnì tẹ ScrLk. Lórí ThinkPad (irú Lenovo kan), Fn àti K ni.

Insert kì í ṣe lock lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni. Bí ẹ bá ń fi lẹ́tà kún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, tí lẹ́tà tuntun sì ń jẹ ti iwájú rẹ̀, ẹ tẹ Insert lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó burú jù kò tilẹ̀ kọ lock sára. Bí ẹ bá di Shift ọwọ́ ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, bóyá ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa kọ, Windows yóò bi yín bóyá kó tan Filter Keys. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, Yes ni wọ́n ń tẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bọ́tìnì tí ẹ bá fọwọ́ kàn fẹ́rẹ́ kò ní ka nǹkan kan, àfi èyí tí ẹ bá dì mú díẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì dára fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ yóò búra pé kíbọ́ọ̀dù òun ti kú. Ẹ tún di Shift ọ̀tún yẹn mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, á kú. Sticky Keys ni àbúrò rẹ̀: Shift lẹ́ẹ̀márùn-ún ló ń pè é, àwọn ọmọ tó ń ta géèmù sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wọ Settings, Accessibility, Keyboard, ẹ pa ọ̀nà àbùjá méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ tan Toggle keys. Òun yóò máa dún bí ẹnikẹ́ni bá kan Caps, Num tàbí Scroll Lock, ẹ kò sì tún ní máa tẹ̀wé bí afọ́jú.

Kíbọ́ọ̀dù lè bàjẹ́ lóòótọ́ o. Ọyẹ́ wà, eruku wà, pure water tó dà wà. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ rèé: mo ṣí kíbọ́ọ̀dù orí síkírìnì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò, mo ń wò. Bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀ nílẹ̀ máa ń tàn lójú síkírìnì. Bí ọ̀kan bá tàn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, bọ́tìnì yẹn ti há. Lẹ́yìn náà mo so kíbọ́ọ̀dù ìta mọ́ ọn. Bí ti ìta náà bá ń ṣe wèrè, inú ètò ni àìsàn wà. Bí ti ìta bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ti inú ṣì ń ṣàìgbọràn, tí gbogbo lock sì ti kú, nígbà náà la lè sọ̀rọ̀ owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti FUNAAB gbé tiẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì ti ìyá akọ̀wé. Caps Lock rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, iná kékeré rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tó fẹ́ yà. Mo ní, "Kí lo jẹ lórí ẹ̀?" Ó ní òun ò jẹ nǹkan kan, sà. Lójú síkírìnì, Caps ń tàn fúnra rẹ̀. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbé bọ́tìnì náà sókè. Gàrí Ìjẹ̀bú bí hóró márùn-ún ló sùn sábẹ́ ẹ̀, ṣúgà ti lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pinpin. Ó wo gàrí, ó wo mí, ó ní, "Sà, ẹ dákun, èló ni kíbọ́ọ̀dù tuntun?"